Àkùrọ̀ Ìlú Wa àti Ìtọ́jú Rẹ̀ ní Àkókò Òjò

Kí ilé tó gba bèbè odò ní ìlú wa Ìbàdàn, àkùrọ̀ ni àwọn baba wa ń dá síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò bá sì dé, ilẹ̀ náà ni í fa àgbàrá mu. Nígbà tí ilé gba àkùrọ̀, tí pàǹtí sì dí ojú odò, àwa náà mọ ohun tí ó tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo ìlú, ẹ̀mí tí ó bá a lọ ju 100 lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún pa ènìyàn tí ó ju 100 lọ, ó sì gbé afárá Apẹ̀tẹ̀ lọ.

Ẹ kíyèsí oṣù náà: ìgbà tí a ń wí pé òjò ń sinmi ni.

Ní Maryland, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí ọdún 1990 ni wọ́n ti ń gbẹ́ kòtò tí kò jìn sí ẹ̀gbẹ́ ilé, tí wọ́n ń gbin koríko àti igi wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, kí omi òrùlé lè wọlẹ̀ níbẹ̀. Lójú tiwa, àkùrọ̀ náà ni. Ẹni tí ó bá ṣe é nílé, kí ó kó iyanrìn àti ewé kúrò lẹ́nu rẹ̀ ní oṣù kẹta, kí ó máa tu èpò rẹ̀, kí ó sì tún kó o ní ìparí oṣù keje. Bí omi bá dúró nínú rẹ̀ ju ọjọ́ méjì lọ, kí ó fi ọkọ́ tú ilẹ̀ rẹ̀, kí ẹ̀fọn má baà pamọ síbẹ̀.