Ìparadà

Àwọn kan ń pe gbogbo àyípadà ní ìparadà báyìí. Ẹni tó fi ọtí sílẹ̀, wọ́n ní ó paradà. Ọ̀rọ̀ náà kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Pa ara dà ni: kí ara tàbí ìrísí di òmíràn, bíi ti iwin inú ìwé D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó.

Bí àpẹẹrẹ: “Àgbọ̀nrín náà paradà, ó di arẹwà obìnrin.”

Ìyípadà ni ti ìwà àti ipò. Ọmọ ọba tó di Déjì, ọba Àkúrẹ́, ipò rẹ̀ ló yí padà. Ìdíbọ́n ni wọ́n tún máa ń ṣi ìparadà mú fún. Nínú ìtàn àròsọ Petronius, ará Róòmù ayé Nero, ìjì fọ́ ọkọ̀, Eumolpus akéwì sì gúnlẹ̀ lọ́wọ́ òfo nítòsí ìlú Croton. Ló bá ń ṣe bí arúgbó olówó tí ọmọ rẹ̀ ti kú, ó ń wúkọ́ ṣáá, kí àwọn tó ń lé ogún kiri lè máa tọ́jú rẹ̀. Ó díbọ́n ni. Ṣùgbọ́n Lucius inú ìwé Apuleius, òǹkọ̀wé ayé Róòmù mìíràn, fi oògùn para, awọ rẹ̀ le, etí rẹ̀ gùn, ó di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Òun ló paradà.