Mítà ló ń sọ òótọ́: Bí wọ́n ṣe ń yẹ súwíìsì ọkọ̀ wò

Àárín òkun àti ọ̀sà ni Lẹ́kkí títí dé Ajah wà, ní ìpínlẹ̀ Èkó. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ń fẹ́ níbẹ̀, omíyalé sì máa ń bo ọkọ̀, irú èyí tó ṣẹlẹ̀ lóṣù keje, ọdún 2017. Ohun méjèèjì yìí ń mú kí inú súwíìsì ọkọ̀ dógùn-ún. Èyí tó léwu jù ni ti iná bíréékì: bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lójú ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ lóru kò ní í tètè mọ̀ pé ọkọ̀ iwájú fẹ́ dúró.

Bí fíùsì àti gílóòbù bá dára, súwíìsì ló kàn. Mítà tó ní àmì Ω ni àwọn rìwáyà fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ohm ni àmì náà dúró fún, ìyẹn òṣùwọ̀n ìdènà iná, tí wọ́n fi sọrí Georg Ohm, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tó gbé òfin rẹ̀ jáde lọ́dún 1827.

Wọ́n á kọ́kọ́ pa ọkọ̀, wọ́n á yọ orí bátìrì, wọ́n á sì tú súwíìsì kúrò lára wáyà, torí iná ọkọ̀ lè ba mítà jẹ́. Wọ́n á yí mítà sí 200 níbi Ω, wọ́n á sì fi ẹnu wáyà rẹ̀ méjèèjì kanra; ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ òdo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi wọ́n kan ẹnu súwíìsì méjèèjì. Bí súwíìsì bá wà ní títàn, ó yẹ kí mítà sún mọ́ òdo. Bó bá wà ní pípa, OL tàbí 1 nìkan ni yóò hàn. Bí òǹkà bá ń fò sókè sódò, inú rẹ̀ ti jẹ.

Ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bíréékì tí ẹnì kankan kò tẹ̀ ló ń ti ìka súwíìsì náà wọlé, tí iná fi ń kú. Nítorí náà, tó bá wà lọ́wọ́, ìgbà tí ìka bá yọ síta ni òdo ń hàn. Ẹni tí kò mọ èyí lè sọ súwíìsì tó dára nù.

Ìdènà kékeré kì í ṣe ohun àfojúfò. Gílóòbù bíréékì méjì, 21 watt ọ̀kọ̀ọ̀kan, ń fa nǹkan bí i amp 3.5 lórí folti 12. Bí súwíìsì bá ní ìdènà ohm 2 péré, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta folti náà tí yóò ṣòfò. Iná á wá máa ṣe bàìbàì.

Àmọ́, iná kékeré ni mítà fi ń dán nǹkan wò. Súwíìsì tó yege lè kùnà lábẹ́ iná ńlá. Bákan náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi mítà kan wáyà aláwọ̀ ìyeyè ti airbag, torí ó lè bú gbàmù.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá dá súwíìsì padà, kí ẹnì kan tẹ bíréékì, kí ẹlòmíràn dúró lẹ́yìn ọkọ̀ wò ó, kí ọkọ̀ náà tó jáde.