Ọmọ Tí Ikùn Rẹ̀ Fara Pa: Ṣé Kí Wọ́n Là Á ni, àbí Kí Wọ́n Ṣọ́ Ọ?

Ní Boundary, ní Èkó, níbi tí Ajégúnlẹ̀ ti pàdé Àpápá, ọmọdé, ọ̀kadà àti tírélà tó ń lọ sí èbúté ni wọ́n jọ ń du ojú títì. Bí ọ̀kadà bá gbá ọmọ níkùn, awọ rẹ̀ lè má bó rárá, síbẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sínú.

Nígbà kan, kò sí àríyànjiyàn lórí bóyá kí wọ́n la irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Spleen, ẹ̀yà inú tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì, bó bá ti ya, yíyọ ni wọ́n ń yọ ọ́. Lọ́dún 1952, àwọn dókítà King àti Shumacker ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àkóràn burúkú ń kọlu àwọn ìkókó tí wọ́n yọ tiwọn. Ní 1968, Upadhyaya àti Simpson kọ̀wé láti Toronto pé spleen ọmọdé lè jinná láìfi abẹ kàn án. Lónìí, bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ bá dúró, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí spleen tàbí ẹ̀dọ̀ wọn ya kì í dé yàrá iṣẹ́ abẹ. Lọ́dọ̀ wa, ibà tún wà níbẹ̀: spleen wà lára ohun tó ń bá ọmọ gbógun tì í.

Àmọ́ ẹni tó bá rò pé ṣíṣọ́ rọrùn ju abẹ lọ kò tíì ṣírò rẹ̀ dáadáa. Ọmọ tó wọn kílò 15 ní nǹkan bíi mílílítà 1,200 ẹ̀jẹ̀ lára. Ó lè pàdánù tó 350, tí kò kún ìgò Coke 50cl, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó já wálẹ̀. Ọkàn tó ń yára lù ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ máa kà á léraléra mọ́jú, ẹ̀jẹ̀ tó bá tirẹ̀ mu gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, oníṣẹ́ abẹ kò sì gbọdọ̀ jìnnà.

Bí ìfun bá lu ńkọ́? Ikùn yóò le gbagidi, ọmọ yóò máa bì, ara rẹ̀ yóò gbóná. Abẹ nìkan ló kù. Bákan náà ni ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dúró lẹ́yìn tí wọ́n ti fa omi àti ẹ̀jẹ̀ sí i lára.

Ibi tí ọmọ wà ló yẹ kó pinnu, kì í ṣe àṣà ìwòsàn Toronto nìkan. Ilé ìwòsàn tí kò ní nọ́ọ̀sì tó tó lóru tàbí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ kò lè sọ pé òun ń ṣọ́ ọmọ. Kí ó fa omi sí i lára, kí ó tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá LUTH ní Ìdí-Àràbà kí gosíló tó dí ọ̀nà. Bí wọ́n bá sì yọ spleen, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti penicillin di dandan, kí òbí sì mọ̀ pé ibà kíbà, kíá ni kí wọ́n gbé ọmọ wá.