Ibi tí àkókò ń sọnù sí

Nígbà tí mo ń ṣe agbẹ̀bí ní Àkúrẹ́, takisí ni áńbúláǹsì wa. Bí ọmọ bá dábùú nínú aláboyún kan lápá Ìgbàrà-Òkè, ìyá ọkọ á gbé orí ìyàwó lé itan níjòkòó ẹ̀yìn, dẹ́rẹ́bà á tanná lọ́sàn-án gangan, á máa fun fèrè bọ̀. Wọ́n á dé géètì, ẹ̀jẹ̀ á ti wọ ìtẹ́lẹ̀ mọ́tò, ẹnì kan á sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ gba káàdì. Síbẹ̀, igbe mọ́tò nìkan là ń ké sí ìjọba.

Ní 2009, Olúṣẹ́gun Mímikò, dókítà tó jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, dá ètò Abíyè sílẹ̀, wọ́n sì kọ́kọ́ dán an wò ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́. Wọ́n béèrè pé níbo gan-an ni àkókò ti ń sọnù. Ní 1994, àwọn olùṣèwádìí Thaddeus àti Maine ti ka ibi mẹ́ta: ilé, níbi tí ẹbí ti ń ṣe "ká lọ, ká má lọ", ojú ọ̀nà, àti inú ọsibítù fúnra rẹ̀. Abíyè fi ìkẹrin kún un: ìgbà tí ilé ìwòsàn kékeré bá ń darí aláboyún sí ńlá. Òṣìṣẹ́ ìlera kọ̀ọ̀kan gba aláboyún 25 sọ́wọ́, ó ń gun ọ̀kadà tọ̀ wọ́n lọ sílé. Wọ́n fún àwọn aláboyún ní fóònù láti fi pè é. Ní 2010, Ọsibítù Ìyá àti Ọmọ ṣí ní Àkúrẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́; ti ìlú Oǹdó tẹ̀ lé e.

Òfin Amẹ́ríkà ti 1973 náà ka nǹkan 15 tí ètò ìtọ́jú pàjáwìrì gbọ́dọ̀ ní: ẹ̀kọ́ṣẹ́, ìbánisọ̀rọ̀, àkọsílẹ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan péré ni ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mọ́tò gbá lójú títì kò ní òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ ọ bíi ti aláboyún Abíyè. Lóòótọ́, wọ́n kọ́ ilé ìtọ́jú àwọn tó fara pa sí Oǹdó, òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 sì sọ pé ẹni tó bá kọ aláìsàn pàjáwìrì, ìdí yòówù kó ní, lè san ₦100,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì. Ṣùgbọ́n èrò ọ̀nà ló ṣì ń gbé e lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń ká a sẹ́yìn mọ́tò. Ọrùn tó ti ṣẹ́ kò gbọdọ̀ rí irú ìyẹn.

Nítorí náà, bí olóṣèlú bá ń ya fọ́tò nídìí áńbúláǹsì tuntun, ẹ bi í: ta ni yóò gbé fóònù lóru? Ta ni yóò máa ra epo? Ọsibítù wo ló ti mọ̀ pé a ń bọ̀?