Òfin Ìbọn àti Ojúṣe Oníbọn ní Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ ìbọn ti pín aráàlú sí méjì láti ọjọ́ pípẹ́. Apá kan ní kí ìjọba fi òfin de ẹni tó lè ra ìbọn, irú èyí tó lè rà àti bó ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Apá kejì ní ìbọn kì í dá yìn: ẹni tó bá fi ṣèkà ni kí wọ́n mú, kí wọ́n fi ẹni tí kò ṣẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Nígbà tí àjọ Small Arms Survey ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2018, ìbọn tó wà lọ́wọ́ aráàlú ibẹ̀ tó mílíọ̀nù 393, ó ju iye èèyàn ilẹ̀ náà lọ.

Orí gbólóhùn kan ṣoṣo ni ìjà náà dúró lé, ìyẹn Àtúnṣe Kejì sí ìwé òfin wọn, tó ti wà láti 1791. Ó dárúkọ ọmọ ogun ìlú, ó tún dárúkọ ẹ̀tọ́ aráàlú láti ní ìbọn. Ṣé nítorí ogun nìkan ni ẹ̀tọ́ náà ṣe wà, àbí ti oníkálukú ni? Ó lé ní igba ọdún kí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ tó là á mọ́lẹ̀. Nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Heller, lọ́dún 2008, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní ti oníkálukú ni. Òfin ìlú Washington tó dá ẹjọ́ náà sílẹ̀ ka ìbọn ìléwọ́ léèwọ̀, ó sì ní kí onílé tú ìbọn yòówù tó bá ní palẹ̀, tàbí kó fi àgádágodo tì í. Ilé ẹjọ́ da méjèèjì nù, nítorí ẹni tó fẹ́ gbèjà ara rẹ̀ nínú ilé kò lè lo ìbọn tí òfin ní kó tú palẹ̀. Adájọ́ Scalia tó kọ ìdájọ́ náà sì fi kún un pé ẹ̀tọ́ yìí ní ààlà. Láti ìgbà náà, wọn ò tíì yé jà lórí ibi tí ààlà ọ̀hún wà.

Ní ti àwọn òfin tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa ń ṣáájú wọn. Ti 1968 tẹ̀ lé ikú Martin Luther King àti Robert Kennedy. Ti 1993, tó ní kí wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ oníbàárà wò kí wọ́n tó ta ìbọn fún un, ń jẹ́ orúkọ James Brady, agbẹnusọ Ààrẹ Reagan tí ọta ìbọn bà lórí lọ́dún 1981. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìtajà nìkan lòfin yẹn dè; ẹni tó bá ra ti aládùúgbò rẹ̀ bọ́ níbẹ̀. Yorùbá tó bá ti Nàìjíríà kó lọ sí Texas máa rí ìyàtọ̀: nílé, òfin ọdún 1959 ní kí ọdẹ gbàwé àṣẹ nítorí ṣakabùlà lásán, ní Texas, láti 2021, àgbàlagbà tí òfin kò ka ìbọn léèwọ̀ fún lè fi ìbọn sí ìbàdí jáde láìgba ìwé kankan.

Àwọn apá kejì, tó ń sọ̀rọ̀ ojúṣe oníbọn, kì í ṣe aláìnírònú. Ẹni tó ń gbé inú oko ní Montana mọ̀ pé kí ọlọ́pàá tó dé, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ó tún mọ̀ pé olè kì í tò sórí ìlà ká yẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò. Ibi tí àlàyé wọn ti ń mẹ́hẹ ni inú iyàrá oníbọn fúnra rẹ̀. Lọ́dún 2021, ìbọn pa èèyàn tó lé ní 48,000 nílẹ̀ náà, ju ìdajì wọn lọ ló sì yìn ín fún ara wọn. Kò sí olè kankan nínú ìyẹn. Ìbọn tí wọ́n rà de olè ni ẹlòmíì nawọ́ mú lọ́jọ́ tí ayé sú u.

Ilé kan ní Oxford, ìpínlẹ̀ Michigan, ni ọ̀rọ̀ òfin àti ti ojúṣe ti pàdé. Ní 26 oṣù Kọkànlá 2021, James Crumbley ra ìbọn ìléwọ́ kan, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà pẹ̀lú rẹ̀. Okùn onírin tí wọ́n fi ń ti ìbọn wà nílé náà, inú ọ̀rá rẹ̀ ni ọlọ́pàá ti bá a, wọn ò já a rí. Yorùbá ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ. Nílé yìí, ó tó o. Lọ́jọ́ kẹrin lẹ́yìn tí wọ́n ra ìbọn náà, olùkọ́ rí àwòrán ìbọn lórí iṣẹ́ ìṣirò ọmọ náà, wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá àti ìyá. Àwọn òbí ò mú un lọ sílé, ẹnikẹ́ni ò sì tú báàgì rẹ̀ wò. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló pa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin.

Ìjọba gbé àwọn òbí lọ sílé ẹjọ́ nítorí ikú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá Jennifer, ìyá, lẹ́bi ní 6 oṣù Kejì 2024, wọ́n dá James lẹ́bi ní oṣù Kẹta, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì lẹnì kọ̀ọ̀kan gbà. Àwọn tó fara mọ́ ojúṣe ní ohun tí àwọn ti ń wí nìyẹn, kí ẹni tó ṣàìbìkítà jìyà rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ òfin béèrè pé kí ló dé tó fi di ìgbà tí ọmọ mẹ́rin ti kú. Nígbà tí Crumbley ra ìbọn yẹn, kò sí òfin Michigan tó ní kó tì í mọ́ ọmọ. Èyí tó wá sọ ọ́ di dandan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 13 oṣù Kejì 2024, ọ̀sẹ̀ kan géérégé lẹ́yìn tí wọ́n dá ìyá ọmọ náà lẹ́bi.