Ẹrẹ̀ Ló Gba Òkun Lọ́wọ́ Éfésù

Ẹni tó bá ka Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì dé orí 19 ti mọ Éfésù. Níbẹ̀ ni Dèmétríù alágbẹ̀dẹ fàdákà ti kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, tó ní ìwàásù Pọ́ọ̀lù fẹ́ ba ọjà jẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ni èrò bá rọ́ wọ ilé ìbíṣeré, tí wọ́n ń fi nǹkan bí wákàtí méjì pariwo orúkọ òrìṣà wọn, Átẹ́mísì. Ilé ìbíṣeré yẹn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, nítòsí ìlú Selçuk ní ìwọ̀ oòrùn Tọ́kì. Ó tó gba 25,000 èèyàn.

Òkun tó wà lẹ́bàá rẹ̀ nígbà náà ni kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹrẹ̀ tí odò Kayster ń kó bọ̀ ló ń lé omi sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ní nǹkan bí 300 ọdún kí wọ́n tó bí Jésù, ọba Lysimachus fẹ́ kí àwọn ará ìlú kó lọ síbòmíràn, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Òǹkọ̀wé àtijọ́ kan, Strabo, sọ pé ṣe ni ọba dúró de òjò ńlá, ó dí gọ́tà ìlú pa, àgbàrá wọlé, tọmọdé tàgbà sì palẹ̀ ẹrù mọ́. Ọba mìíràn, Attalus, ní kí wọ́n fún ẹnu èbúté pọ̀ kí omi lè jìn. Àṣé omi tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ń gbá ẹrẹ̀ jáde tẹ́lẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe ni wọ́n ti bà á jẹ́. Nígbà tó di ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ikú Jésù, gómìnà Antonius Albus pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ayùn rẹ́ òkúta létí èbúté mọ́, torí pàǹtí rẹ̀ ń kún omi. Òkúta tí wọ́n gbẹ́ àṣẹ náà sí ṣì wà.

Ẹrẹ̀ yìí náà ló gbé tẹ́ńpìlì Átẹ́mísì mì, ọ̀kan nínú ohun ìyanu méje ayé àtijọ́. Òyìnbó ayàwòrán-ilé kan, John Turtle Wood, tó ń ṣiṣẹ́ ibùdókọ̀ rélùwéè lágbègbè náà, bẹ̀rẹ̀ sí í wá a ní 1863. Ọdún ń gorí ọdún, kò rí i. Inú ilé ìbíṣeré ló ti wá rí ohun tó júwe ọ̀nà fún un: òkúta tí wọ́n kọ ẹ̀bùn olówó kan, Vibius Salutaris, sí ní ọdún 104. Ọkùnrin yìí fi ère wúrà àti ti fàdákà tọrẹ, kí wọ́n máa gbé wọn láti tẹ́ńpìlì wá sílé ìbíṣeré kí wọ́n sì gbé wọn padà. (Pẹ̀lú gbogbo ìbẹ̀rù Dèmétríù, iṣẹ́ fàdákà ò tíì kú ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà.) Òkúta náà dárúkọ ẹnubodè tí ìwọ́de ń gbà wọ ìlú. Wood wá ẹnubodè kàn, ó tọ ojú ọ̀nà ibẹ̀ lọ, ó ń gbẹ́lẹ̀ bọ̀, títí tó fi kan ilẹ̀ mábù tẹ́ńpìlì ní 31 Oṣù Kejìlá 1869, nísàlẹ̀ ẹrẹ̀ tó jìn tó mítà mẹ́fà.

Láti 1895 làwọn awalẹ̀pìtàn ará Austria ti gba iṣẹ́ náà. Àwọn ni wọ́n hú ilé ìkàwé Celsus, ọlọ́lá ará Róòmù kan, jáde, tí wọ́n sì to iwájú rẹ̀ tó ti wó padà láàárín 1970 sí 1978. Ọmọ Celsus, Aquila, ló kọ́ ọ ní ìrántí bàbá rẹ̀. Abẹ́ ilé ìkàwé náà ni wọ́n ti bá pósí òkúta Celsus. Àwa tí a ń sin baba sínú ilé lè má rí ohun ìyanu níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀yìn odi làwọn ará Róòmù ń sin òkú sí, àfi ẹni tí ìlú bá bọlá fún gan-an. Abẹ́ ilé ìkàwé náà ni wọ́n ti bá pósí òkúta Celsus.