ILẸ̀ ÀTI OLÙGBÉ NÍ NICODEMUS TOWNSHIP, KANSAS, LÁTI 1877

1.0 Ìfáàrà

Ní apá àríwá ìwọ̀ oòrùn ìpínlẹ̀ Kansas, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ibùdó kan wà nítòsí odò South Solomon tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nicodemus. Àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ oko ẹrú, tí púpọ̀ nínú wọn wá láti Kentucky, ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní 1877. Nínú ètò ìkànìyàn ti 2020, ènìyàn 14 péré ni wọ́n kà níbẹ̀. Àlàyé tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nípa ìdí tí ibùdó náà fi dín kù báyìí ni pé ojú irin yà á sílẹ̀ ní 1888, àti pé láti ìgbà náà ni ìparun rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kò jiyàn pé ojú irin pa Nicodemus lára. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé àlàyé náà kò tó. Bí ènìyàn bá wo òfin tí wọ́n fi pín ilẹ̀ náà, tí ó wo òjò tí ń rọ̀ síbẹ̀, tí ó sì wo bí iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣe yí padà, yóò rí i pé àìpọ̀ ènìyàn ti wà nínú ètò ibùdó náà kí ẹnikẹ́ni tó dé ibẹ̀. Yóò sì rí i pẹ̀lú pé iye tí àwọn akànìyàn kọ sílẹ̀ kò tó láti fi mọ ẹni tí í ṣe ọmọ Nicodemus.

Ó yẹ kí ìtumọ̀ township kọ́kọ́ yé ni, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tí ó ṣe déédéé rẹ̀. Kì í ṣe ìlú, nítorí pé kò di dandan kí ilé pọ̀ níbẹ̀. Kì í sì í ṣe abúlé, nítorí pé ó lè ní abúlé nínú, ó sì lè má ní. Ìtumọ̀ méjì ni ó ní. Èkínní jẹ́ ti àwọn awọnlẹ̀: ilẹ̀ onígun mẹ́rin tí òró rẹ̀ jẹ́ máìlì 6, tí ìbú rẹ̀ náà sì jẹ́ máìlì 6. Èkejì jẹ́ ti ìjọba: ẹ̀ka tí ó kéré jù lọ lábẹ́ county, tí ń bójú tó ọ̀nà àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ti èkínní kì í fìgbà gbogbo bá ti èkejì mu lójú ilẹ̀. Nicodemus Township, tí ó wà nínú Graham County, jẹ́ irú ti èkejì. Ibùdó Nicodemus sì wà nínú rẹ̀.

2.0 Bí Ilẹ̀ náà ti Rí

Ọ̀dàn ni ilẹ̀ Nicodemus. Koríko ni ó bò ó dé ibi tí ojú lè rí i dé. Igi kò sí níbẹ̀ nígbà náà àfi ní bèbè odò, níbi tí omi ti ń rin ilẹ̀. Gbòǹgbò koríko náà ti so kọ́ra nínú ilẹ̀ láti ayébáyé, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ọkọ́ lásán kò lè tètè tú u. Òtútù a máa mú gan-an níbẹ̀ nígbà òjò dídì, ooru a sì máa jó ewé àgbàdo lórí ìdúró nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Afẹ́fẹ́ kì í pẹ́ gbéra níbẹ̀, nítorí pé kò sí igbó tí yóò dí i lọ́nà.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òjò. Ìlà ìdúró 100 tí wọ́n fà sórí àwòrán ilẹ̀ kọjá ní ìwọ̀ oòrùn Nicodemus, kò sì jìnnà sí i. Ní 1878, ọdún kan péré lẹ́yìn tí wọ́n tẹ ibùdó náà dó, John Wesley Powell fi ìròyìn lélẹ̀ fún ìjọba Amẹ́ríkà lórí àwọn ilẹ̀ gbígbẹ. Ó sọ pé níbi tí òjò ọdún kan kò bá ti tó ínǹṣì 20, àgbẹ̀ kò lè gbẹ́kẹ̀ lé òjò nìkan, àti pé agbègbè ìlà ìdúró 100 yìí ni irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó dá a lábàá pé kí ìdílé tí yóò máa sin ẹran lórí ilẹ̀ gbígbẹ gba éékà 2,560. Ìjọba kò tẹ̀ lé ìmọ̀ràn náà.

Nicodemus bọ́ sí ẹnu ààlà gan-an. Ní ọdún mìíràn òjò a tó, ní ọdún mìíràn kì í tó. Ẹni tí ó bá ń gbé aṣálẹ̀ mọ̀ pé aṣálẹ̀ ni òun ń gbé. Àgbẹ̀ ẹnu ààlà kò ní irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀: ọdún tí òjò bá rọ̀ dáadáa ni yóò tan án láti dá oko ńlá, ọ̀dá ọdún kejì ni yóò sì gba èrè náà padà.

3.0 Òfin Pínpín Ilẹ̀

Òfin Homestead ti 1862 fún olórí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ sí éékà 160 láìsan ju owó ìforúkọsílẹ̀ lọ. Ohun tí òfin náà béèrè ni pé kí ẹni náà gbé orí ilẹ̀ náà fún ọdún 5, kí ó kọ́lé síbẹ̀, kí ó sì dáko níbẹ̀. Lójú ẹni tí kò ní ilẹ̀ rí, tí ó sì ti fi agbára rẹ̀ ro oko olóko ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ohun ńlá ni èyí.

Ṣùgbọ́n ìṣirò kan wà nínú òfin náà. Township ti àwọn awọnlẹ̀ jẹ́ ègé 36, ègé kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ éékà 640. Ní Kansas, ègé kẹrìndínlógún àti ègé kẹrìndínlógójì jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́. Ó wá ku ègé 34. Ìdílé 4 ni ègé kọ̀ọ̀kan gbà, nítorí náà ìdílé 136 ni gbogbo township gbà. Bí ìdílé kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ènìyàn 5, gbogbo wọn kò ju 680 lọ, lórí ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó máìlì onígun mẹ́rin 36. Èyí sì jẹ́ ìgbà tí ilẹ̀ náà bá kún dé ẹnu. Ní 1873, òfin mìíràn jáde tí ó jẹ́ kí ènìyàn gba éékà 160 sí i bí ó bá lè gbin igi sórí apá kan rẹ̀. Ẹni tí ó bá lo òfin yìí ti gba àyè tí ìbá jẹ́ ti aládùúgbò rẹ̀.

Òfin náà kò fàyè gba àṣà tí ó mọ́ Yorùbá lára, níbi tí ènìyàn ti ń ní ilé sí àárín ìlú tí ó sì ń lọ sí oko. Orí oko gan-an ni àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gbé kí oko náà tó lè di tirẹ̀. Nítorí náà ni ilé fi jìnnà sí ilé. Ẹni tí ó bá rí ilẹ̀ náà tí ó sì sọ pé àwọn olùgbé rẹ̀ kò mọ ìlú í kọ́, òfin ni kò kíyè sí.

4.0 Bí Àwọn Olùgbé Ṣe Dé

Ọdún 1877 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dá àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tí ó kù lẹ́nu iṣẹ́ ìṣọ́ ní gúúsù, tí agbára sì padà sọ́wọ́ àwọn tí wọ́n kọ̀ láti rí ènìyàn dúdú gẹ́gẹ́ bí ọmọ orílẹ̀-èdè. Kansas ní tirẹ̀ ti wọ ìjọba àpapọ̀ ní 1861 gẹ́gẹ́ bí ìpínlẹ̀ tí kò gba òwò ẹrú láyè. Ní ọdún 1877 yìí kan náà ni W. R. Hill, òyìnbó kan tí ń ṣòwò ilẹ̀, àti W. H. Smith, tí ó jẹ́ ènìyàn dúdú, dá ilé-iṣẹ́ Nicodemus Town Company sílẹ̀. Simon P. Roundtree, ìránṣẹ́ Ọlọ́run, àti Zachary T. Fletcher wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ débẹ̀. Wọ́n tẹ ìwé ìpolówó, wọ́n sì rán an lọ sí gúúsù.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1877, nǹkan bí ènìyàn 300 gbéra láti Kentucky. Ọkọ̀ ojú irin gbé wọn dé Ellis. Láti ibẹ̀, ọ̀nà tí ó ju máìlì 30 lọ ni ó kù tí wọ́n gbà dé ibùdó. Àwọn kan rí ibẹ̀, wọ́n sì padà. Àwọn tí wọ́n dúró gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀ tàbí sí ẹ̀gbẹ́ òkè, wọ́n fi igi àti koríko bò ó lórí, wọ́n sì ń gbé inú rẹ̀. Igi ìkọ́lé kò sí, owó tí wọn yóò fi rà á kò sì sí. Nígbà tí Willina Hickman dé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní 1878, ó béèrè ibi tí ìlú náà wà, nítorí pé ojú rẹ̀ kò rí ilé kankan. Èéfín tí ń jáde láti inú ilẹ̀ ni wọ́n fi hàn án. Òun fúnra rẹ̀ sọ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ pé ẹkún ni òun sun.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn kò ní ẹṣin tàbí màlúù tí yóò fa ohun ìtúlẹ̀. Ọkọ́ àti ṣọ́bìrì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilẹ̀ tí a ti ṣàpèjúwe rẹ̀ lókè. Nígbà òtútù àkọ́kọ́, àwọn ọdẹ Osage tí wọ́n ń ti oko ọdẹ bọ̀ fún wọn ní ẹran, èyí sì wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n rí ọdún kejì.

5.0 Ojú Irin, Ọ̀dá àti Ẹ̀rọ

Nígbà tí ó fi di 1887, Nicodemus ti ní ṣọ́ọ̀ṣì, ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìtura, ilé ìtajà àti ìwé ìròyìn méjì, Western Cyclone àti Nicodemus Enterprise. Edward P. McCabe, tí ó wá síbẹ̀ ní 1878, ti di ayẹ̀wé-owó-wò ìpínlẹ̀ Kansas nípa ìdìbò 1882. Ní 1887 yìí ni àwọn olùgbé dìbò láti yá $16,000 kí ojú irin Missouri Pacific lè gba ọ̀dọ̀ wọn. Kò wá. Ní 1888, Union Pacific la ojú irin tirẹ̀ gba òdìkejì odò. Àwọn oníṣòwò ṣí lọ sí ibi tí ó di Bogue. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wọ́ ilé wọn lọ.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí ènìyàn béèrè ni pé, ta ni ó ṣí lọ? Oníṣòwò lè kó igbá rẹ̀ lọ sí ọjà mìíràn, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kò lè gbé ilẹ̀ rẹ̀ lérí. Àkọsílẹ̀ Graham County fi èyí hàn. Ní 1880, ènìyàn 4,258 ni ó wà níbẹ̀. Ní 1910, ìyẹn ọdún 22 lẹ́yìn tí ojú irin ya Nicodemus sílẹ̀, wọ́n ti di 8,700. Lóòótọ́, àwọn òyìnbó ni wọ́n pọ̀ jù nínú iye yìí, kò sì yẹ kí ènìyàn kà á bí ẹni pé ti Nicodemus nìkan ni. Síbẹ̀, ó jẹ́rìí pé ilẹ̀ náà ṣì ń gba ènìyàn. Ní 1940, iye náà ti wálẹ̀ sí 6,071. Ní 2020, ó di 2,415. Ilẹ̀ Graham County jẹ́ nǹkan bí máìlì onígun mẹ́rin 899, nítorí náà máìlì kan kò ní ènìyàn mẹ́ta. Bogue tí ó rí ojú irin gbà kò ní ènìyàn 200 ní 2020. Bí àìsí ojú irin nìkan bá ni ó lé ènìyàn kúrò, ó yẹ kí àwọn tí wọ́n ní in pọ̀ sí i.

Ohun méjì ni ó ṣe èyí tí ojú irin kò lè dá ṣe. Èkínní ni ọ̀dá àwọn ọdún 1930, nígbà tí ìjì gbé erùpẹ̀ oko tí ó sì ba ohun ọ̀gbìn jẹ́, ní àkókò tí owó àlìkámà náà ti já wálẹ̀. Ibùdó Nicodemus ku ènìyàn 76 ní 1935. Ní 1950, ó ku 16. Èkejì ni katakata àti ẹ̀rọ ìkórè. Ìdílé kan wá lè ro ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń ro tẹ́lẹ̀, éékà 160 kò sì tó ẹnikẹ́ni jẹ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ràn Powell padà ṣẹ, ṣùgbọ́n gbèsè àti ilẹ̀ títà ni ó gbà wá, kì í ṣe òfin. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ láìní ẹran ọ̀sìn, láìní owó, nítorí pé oko ẹrú kò san owó fún un, kò ní ohun tí yóò fi fẹ̀yìn tì nígbà tí ìkórè bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òun àti òyìnbó tí ó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ nìyí. Ọ̀dá kan náà ni ó pa àwọn méjèèjì.

6.0 Ta Ni Ọmọ Nicodemus?

Ilé ìfìwéránṣẹ́ ibùdó náà kógbá wọlé ní 1953, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 1960. Lójú ìjọba, ibi tí kò ní lẹ́tà láti gbà, tí kò sì ní ọmọ láti kọ́, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn township tí wọ́n fi òkúta kọ́ ní 1939 ṣì wà lórí ìdúró. Lọ́dọọdún, ní ìparí oṣù Keje, àwọn àtìrandíran àwọn tí wọ́n tẹ ibẹ̀ dó ń padà wá láti ọ̀nà jíjìn. Àjọ̀dún ìdáǹdè ni ó bẹ̀rẹ̀ bí, tí wọ́n fi ń rántí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹjọ 1834, nígbà tí òfin tí ó fòpin sí oko ẹrú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àwọn erékùṣù tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní ìwọ̀ oòrùn ayé. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ó di àjọ̀dún ìpadàwálé. Àwọn ìdílé kan nínú wọn ṣì ní ilẹ̀ níbẹ̀.

Akànìyàn ń ka ẹni tí ó fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé, níbi tí ó ti ń gbé tí ó sì ń sùn ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹ̀bi fún un. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kà yàtọ̀ sí ohun tí àwọn olùpadàwálé ń kà. Ìyàtọ̀ yìí ni ó ní láárí nígbà tí ìjọba fi Nicodemus sínú àwọn ibi ìtàn pàtàkì orílẹ̀-èdè náà ní 1976, tí ó sì sọ ọ́ di ibi ìtàn tí ìjọba àpapọ̀ ń bójú tó ní 1996. Bí iye olùgbé nìkan bá ni ìwọ̀n, kò sí ohun tí wọn ìbá dáàbò bò níbẹ̀.

7.0 Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìdí mẹ́ta ni àìpọ̀ ènìyàn ní Nicodemus ní. Òfin ti fi ààlà sí iye tí ó lè gbé ibẹ̀; òjò kò jẹ́ kí ilẹ̀ tí òfin fún wọn tó wọn jẹ; ẹ̀rọ sì jẹ́ kí ilẹ̀ náà máa béèrè ọwọ́ díẹ̀. Ojú irin pa ọjà Nicodemus, kò pa oko rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí ojú irin bá jẹ́ gbogbo ìdí, a jẹ́ pé ibùdó àwọn ènìyàn dúdú nìkan ni ó kùnà, tí àwọn òyìnbó tó kù sì yege. Àkọsílẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ̀dàn náà ni ó tú àwọn ènìyàn rẹ̀ ká, ti Nicodemus sì tètè tú nítorí pé ọwọ́ òfo ni àwọn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó fi bẹ̀rẹ̀. Pé ènìyàn 14 ṣì wà níbẹ̀ ní 2020, tí ọ̀pọ̀ sì ń padà wá lọ́dọọdún sí ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá wọn fi ọkọ́ tú, yẹ kí ó wọ inú ìtàn ibùdó náà pẹ̀lú.